Ẹ Jẹ́ Kí Etí Nìkan Dájọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Dán Ẹ̀rọ Orin Wò Kí Ẹ Tó Náwó Lé E

Bí ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀rọ orin, ẹ ó ti bá ara yín nírú ìjókòó yìí rí. Ẹnì kan yọ wáyà kan, ó ki òmíràn bọ ibẹ̀, ó ní kí gbogbo yín fetí sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní ohùn olórin ti jáde síta. Ẹni kejì ní ìlù ti rinlẹ̀ sí i. Nígbà tó fi máa kàn yín, ẹnu yín ti ń sọ pé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, kí ẹ tó bi ara yín bóyá ohunkóhun yí padà. Ẹ kò purọ́. Ẹ gbọ́ ọ lóòótọ́, torí kì í ṣe etí nìkan ló ń gbọ́ orin. Ojú ń bá a gbọ́, iye owó tí wọ́n pe ọjà ń bá a gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó jókòó tì yín náà ń bá a gbọ́.

Mo ti rí àwọn ènìyàn tó jẹ gbèsè nítorí ohun tí etí wọn kò gbọ́ rí, ó sì máa ń dùn mí. Bí ẹ ó ṣe lé gbogbo àwọn àlejò wọ̀nyẹn kúrò níbẹ̀, kó ku etí nìkan, ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Kò gba owó púpọ̀. Ohun tó gbà ni ọ̀sán kan tí ọwọ́ yín dilẹ̀, ọ̀rẹ́ kan tó ní sùúrù, àti mítà kékeré tí àwọn tó ń tún iná ṣe máa ń lò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ gbà pé ó lè mú ẹ̀yin náà

Èyí ló ṣòro jù fún ẹni tó ti pẹ́ nídìí nǹkan yìí. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tí kò gbọ́n ni ìpolówó ń mú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ní 1976, Harry McGurk àti John MacDonald, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fi fídíò kan han àwọn ènìyàn: ẹnu tí wọ́n ń wò ń sọ "ga", ohùn tí wọ́n gbé lé e ń sọ "ba". Ohun tí ọ̀pọ̀ gbọ́ ni "da", bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sọ "da". Bí ẹ bá dijú, ẹ ó gbọ́ "ba" kedere. Ẹ lajú, "da" á tún dé. Pé ẹ mọ àṣírí rẹ̀ kò ní kó má mú yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti sípíkà. Floyd Toole àti Sean Olive, àwọn onímọ̀ nípa ohùn, ní kí ogójì òṣìṣẹ́ Harman, iléeṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà, gbọ́ sípíkà mẹ́rin kí wọ́n sì fún un ní máàkì. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 1994. Nígbà tí wọ́n ń rí ohun tó ń dún, èyí tó tóbi tó sì gbayì gba máàkì rẹpẹtẹ, èyí tó kéré tó sì pọ́ọ́kú já wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, àlàfo àárín wọn dín kù gan-an. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé: nígbà tí ojú ń ríran, bí wọ́n bá gbé sípíkà láti ibì kan sí ibòmíràn nínú yàrá, máàkì kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, bẹ́ẹ̀ ohùn yí padà lóòótọ́. Ojú ti dá ẹjọ́ náà tán kí etí tó dé.

A tún ní òwe tó ń ti ọlọ́jà lẹ́yìn: ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ lára wa. Bí wáyà kan bá wọ́n ju ampilifáyà lọ, ọkàn á ti máa wá ohun tó fi dáa jù kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun, ẹ mú ìwé. Ẹ kọ iye tí wọ́n pe ọjà náà, ẹni tó yìn ín fún yín, àti ohun tí ẹ retí láti gbọ́. Bí ohun tí ẹ gbọ́ bá wá bá ohun tí ẹ kọ mu wẹ́kú, ẹ fura.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mú kí ohùn méjèèjì ròkè bákan náà

Ẹ fara balẹ̀ síbí gan-an. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìfiwéra ti ń bàjẹ́, àti nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ̀rọ méjì bá jọra délẹ̀, tí ọ̀kan wá fi díẹ̀ ròkè ju èkejì lọ, etí kì í sọ pé èyí ròkè. Ohun tó máa sọ ni pé èyí mọ́ gaara, èyí kún, èyí ní ẹ̀mí. Ìyàtọ̀ tí kò tó 1 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó) lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ohun tó fà á ni ohun tí Harvey Fletcher àti Wilden Munson wọ̀n ní 1933: bí ohùn bá ṣe ń lọ sílẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ (bass) ni etí wa kọ́kọ́ ń pàdánù; bó bá ṣe ń ròkè, ohùn ìsàlẹ̀ á máa padà dé. Ẹni tó ń ta ọjà kò nílò ju kó fọwọ́ kan bọ́tìnì ohùn díẹ̀ nígbà tó bá kan èyí tó fẹ́ kí ẹ rà.

Bó bá jẹ́ ampilifáyà, wáyà tàbí DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ fáìlì orin di ohùn) lẹ fẹ́ fi wéra, mítà ni kí ẹ lò. Ẹ fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣe ohùn kan gbọọrọ ní 400 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). (Ohùn tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń da ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú láàmú.) Ẹ yí mítà sí AC volt, ẹ jẹ́ kí ohùn náà dún níwọ̀nba, kí ẹ wá fi abẹ́rẹ́ mítà kan ibi tí wáyà ti wọ sípíkà, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí abẹ́rẹ́ méjèèjì kanra o, torí ìyẹn lè jó ampilifáyà. Bí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá ka 2.00 V, ẹ máa yí ìkejì díẹ̀díẹ̀ títí á fi bọ́ sáàárín 1.98 sí 2.02. Nǹkan bí 0.1 dB nìyẹn, ibẹ̀ ni ó yẹ kó dé. Ẹ wá lẹ téèpù mọ́ bọ́tìnì ohùn kí ẹnikẹ́ni má baà yí i mọ́.

Bó bá jẹ́ sípíkà méjì lẹ fẹ́ fi wéra, mítà yìí kò ní ràn yín lọ́wọ́, torí iná kan náà lè mú kí ọ̀kan ké ju èkejì lọ. Ẹ fi áàpù tó ń wọn ohùn sórí fóònù, ẹ gbé fóònù síbi tí orí yín máa wà, kí ẹ sì fi pink noise (ìró ṣììì tí ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè pò pọ̀ nínú rẹ̀) wọ̀n ọ́n. Iye tí fóònù máa kà lè má péye. Kò ṣe nǹkan, bí méjèèjì bá ti kà á bákan náà. Hẹ́ẹ̀dìfóònù ló ń fúnni níṣòro jù: bó ṣe jókòó sétí yàtọ̀ lójoojúmọ́, ara sì ń mọ èyí tó wà lórí. Ẹ fi etí dá a dọ́gba bí ẹ bá ṣe lè ṣe é tó, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyàtọ̀ bíńtín láàárín hẹ́ẹ̀dìfóònù méjì tú àpò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìdánwò bojúbojú

Láti 1950 ni ọ̀nà yìí ti wà, nígbà tí W. A. Munson àti Mark Gardner ti Bell Labs, ilé ìwádìí iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀. ABX ni wọ́n ń pè é. A ni ẹ̀rọ kan, B ni èkejì, X sì jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ èwo. Iṣẹ́ yín kò ju kí ẹ sọ pé A ni X tàbí B ni. Ẹnikẹ́ni kò bi yín pé èwo ló dùn jù. Bí ẹ kò bá lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra, ọ̀rọ̀ èwo ló dùn jù kò tíì délẹ̀.

Ẹ yan orin kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ gé ibi tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nínú rẹ̀. Etí kì í rántí kúlẹ̀kúlẹ̀ ohùn pẹ́. Ẹni tó gbọ́ odindi orin kan, tó dìde, tó pààrọ̀ wáyà, tó tún jókòó, ti gbàgbé èyí tó kọ́kọ́ gbọ́. Ìtàn tó sọ fún ara rẹ̀ nípa rẹ̀ ló kù sí i lọ́wọ́.

Ẹ jókòó, kí ọ̀rẹ́ yín dúró sẹ́yìn yín níbi tí ẹ kò ti lè rí ojú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà, kó ju owó ẹyọ sókè: orí jẹ́ A, ìdí jẹ́ B. Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò ni èyí: bí owó ẹyọ bá tilẹ̀ mú ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, kó yọ wáyà, kó dá a padà, kó sì lo àkókò kan náà tó máa lò bó bá ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa fi ìró ọwọ́ rẹ̀ mọ ìdáhùn. Kó má sọ̀rọ̀ kankan, àfi "ìkíní", "ìkejì", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ ìdáhùn máa ń tú u síta láìmọ̀, nínú mímí rẹ̀ pàápàá.

Ẹ pinnu iye ìgbà tí ẹ ó ṣe é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo fara mọ́ 16. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń méfò ni, ẹ ó máa gba nǹkan bí 8. Láti gba 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa méfò, kò tó ìgbà 4 nínú 100, nítorí náà ẹni tó bá gba 12 ti gbọ́ nǹkan. Àwọn kan máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, wọ́n á gba 8, wọ́n á sì gbé e gẹ̀gẹ̀. Ẹni tó ń ju owó ẹyọ lásán máa gba 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 10 ní ìgbà tó lé ní 5 nínú 100. Ẹ má sì dúró lójijì torí pé ẹ ń jàre lọ́wọ́. 16 tí ẹ pinnu náà ni kí ẹ ṣe parí. Bí etí bá rẹ̀ yín, ẹ sinmi. Ẹ má gbé ohùn sókè kí ẹ lè gbọ́ dáadáa, etí lẹ ó bàjẹ́.

Fún fáìlì orin, kò sídìí láti wá ọ̀rẹ́. Ètò foobar2000 ní ohun àfikún kan fún ABX, ọ̀fẹ́ ni, òun fúnra rẹ̀ á pa X mọ́, á sì ka máàkì yín. Fáìlì CD kan ni kí ẹ mú, kí ẹ̀yin fúnra yín sọ ọ́ di MP3, kí ẹ wá fi méjèèjì wéra. Ẹ má gba MP3 láti ibì kan, kí ẹ gba èyí tó gbówó lórí láti ibòmíràn, torí wọ́n lè ti tún orin náà pò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn lẹ ó sì gbọ́.

Bí ẹ bá kùnà, kò túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀ kankan ní gbogbo ayé. Ohun tó sọ ni pé, pẹ̀lú etí yín, nínú yàrá yín, lórí orin tí ẹ fẹ́ràn, bí ìyàtọ̀ bá tilẹ̀ wà, kò tó ohun tí ẹ lè mú. Ìyẹn tó láti fi pinnu ohun tí ẹ ó ṣe pẹ̀lú owó yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí ìwọ̀n

Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ ni ẹ lè fi ìṣirò kékeré yẹ̀ wò. Ẹ mú wáyà sípíkà. Wáyà kọ́pà lásán tó jẹ́ 2.5 mm², tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3 (àlọ àti àbọ̀ á jẹ́ mítà 6), ní nǹkan bí 0.04 ohm nínú (ohm ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná). Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà 8 ohm, ohun tí wáyà yẹn jẹ nínú ohùn kò tó 0.05 dB. Ìyẹn kò tó ìdajì ohun tí a fi mítà dá dọ́gba lókè lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní wáyà òun sọ ohùn ìsàlẹ̀ di ìlọ́po méjì, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ jọ ṣe bojúbojú.

Watt náà ní tirẹ̀. PMPO, iye watt àsọdùn tí wọ́n ń tẹ̀ gàdàgbà sára páálí, kò sọ ohunkóhun tó ṣeé gbára lé. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ RMS sí (watt tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdúró), kí wọ́n sì sọ iye ohm tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Irọ́ watt yìí ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, fi ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 1974. Ẹ sì rántí pé ìlọ́po méjì watt kò fi ju 3 dB kún un. Ampilifáyà 100 watt kò ké ní ìlọ́po méjì ti 50. Kí etí tó gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì, ó gbà tó ìlọ́po mẹ́wàá.

Lórí fáìlì tí wọ́n ní ó "ju CD lọ": CD ń gba ìwọ̀n ohùn ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó tó láti gbé ohùn tó lé díẹ̀ ní 22,000 Hz. Etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáṣá kò ju nǹkan bí 20,000 lọ, ó sì ń dín kù bí a ṣe ń dàgbà. Ní 2007, E. Brad Meyer àti David Moran ki ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ìwọ̀n ti CD sáàárín ohùn tí wọ́n ní ó ju CD lọ, wọ́n ní kí àwọn olùgbọ́ mọ ìgbà tó wà níbẹ̀. Nínú 554 ìdánwò, 276 ni wọ́n gbà. Ẹni tó ń ju owó ẹyọ kò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti 2022. Mobile Fidelity, iléeṣẹ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn olùfẹ́ orin ń bọ̀wọ̀ fún, ti ń lo ìgbésẹ̀ digital (kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohùn di nọ́ńbà bíi ti kọ̀ǹpútà) nínú ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀ láti 2011. Àwọn tó ń rà á ti fi gbogbo ẹnu yìn ín pé digital kò kan án rárá. Kì í ṣe etí ló mú un. Ẹnu àwọn ẹnjiníà iléeṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti jáde, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Àwo náà dùn tẹ́lẹ̀, ó sì ṣì ń dùn. Bó bá sì dùn mọ́ yín lánàá, ẹ má jẹ́ kí ìròyìn sọ ọ́ di burúkú lónìí.

Ní ti àwọn tó ń yẹ ọjà wò fún gbogbo ayé: ẹ wò ó bóyá wọ́n sọ ẹni tó fún wọn ní ọjà náà, bóyá wọ́n dá a padà, bóyá wọ́n ń jẹ nínú owó tí ẹ bá ná láti orí líǹkì wọn. Ẹ sì wá èyí tí wọ́n kò yìn. Ẹni tí gbogbo ọjà dùn mọ́ lẹ́nu kò lè tọ́ yín sọ́nà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Nígbà tí ẹ bá wà láàárín ẹgbẹ́

Ní 1951, Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìlà tó gùn bákan náà pẹ̀lú òmíràn. Ìdáhùn rẹ̀ hàn kedere. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó kù nínú yàrá, Asch ló rán wọn níṣẹ́, wọ́n sì fẹnu kò sí irọ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìdáhùn ẹni tí wọ́n ń dán wò ló bá irọ́ náà lọ. Ìlà tí ojú rí nìyẹn, ká má tíì sọ bí ohùn ìsàlẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo bá sọ òótọ́ nínú yàrá náà, àwọn tó ń tẹ̀lé irọ́ dín kù púpọ̀.

Ẹ lè jẹ́ ẹnì kan yẹn láìbá ẹnikẹ́ni jà. Kí orin tó dún, ẹ pín ìwé àti kálámù fún gbogbo ènìyàn, kí kálukú kọ ohun tó gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ẹ kà á sókè lẹ́yìn náà. Bí ẹnì kan bá kọ "ohùn ìsàlẹ̀ pọ̀", tí òmíràn kọ "ohùn ìsàlẹ̀ dín kù", ọ̀rọ̀ ti yanjú ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ ló gbé ọjà tuntun wá, ẹ má já a kulẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ lè sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe fún wa, ṣùgbọ́n ẹ má sọ èwo ló ń dún." Ẹni tó gbà pé ọjà òun dáa kò ní bínú sí ìyẹn. Bí wọ́n bá sì bi yín ní tààràtà, "Mi ò gbọ́ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́" ti tó. Àwọn tó ní etí yín kò tíì dàgbà, wọ́n ń fi ìtìjú mú yín ni. Kò sí bí etí ṣe lè dàgbà tí kò ní yọjú nínú ìdánwò bojúbojú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ibi tí owó àti agbára ti ń hàn

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Sípíkà fúnra rẹ̀, yàrá tó wà, àti ibi tí wọ́n gbé e sí ni ìyàtọ̀ ńlá wà. Ẹ fa sípíkà yín kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń yí padà láìná kọ́bọ̀. Ẹ ta aṣọ tó nípọn tàbí kápẹ́ẹ̀tì sí yàrá tó ń dún gbòó. Ẹ gbìyànjú EQ (ohun tí a fi ń yí ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè) tó wà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín. Lẹ́yìn náà, bí owó bá wà, sípíkà tàbí hẹ́ẹ̀dìfóònù ni kó kọ́kọ́ lọ sí.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ọjà bá ti wọlé

Ẹ má ju páálí àti rìsíìtì nù. Ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá a padà, kí ẹ ṣe ìdánwò bojúbojú kó tó pé ìdajì rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà á ní kí ẹ ní sùúrù, pé ó yẹ kí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ dún fún ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ́nà mélòó kan kí ohùn rẹ̀ tó gún. Fóòmù hẹ́ẹ̀dìfóònù máa ń rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gún jù ni ẹ̀yin: etí ń mọ́ ohun tó bá ń gbọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí wákàtí yẹn bá fi máa pé, ọjọ́ ìdápadà lè ti kọjá. Bí ẹ kò bá gba 12 nínú 16, ẹ dì í padà sínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá a wá, ẹ lẹ rìsíìtì mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ padà lọ́jọ́ kejì.